Ẹlẹ́dẹ̀ Ogójì Lábẹ́ Ilé Gogoro: Bí Ọba John Ṣe Sàga Ti Rochester

Mo mọ̀ pé apá yìí pẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ba ohùn tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ jẹ́, mo ní láti tún ìdajì rẹ̀ sọ nínú yàrá mi pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí. Bí ẹ bá gbọ́ ibi tí mo ti ń mí gúlegúle, ooru ni.

Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1215, John, ọba ilẹ̀ England, ní kí wọ́n kọ̀wé sí Hubert de Burgh, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀. Kò béèrè owó, kò sì béèrè ọmọ ogun. Ẹlẹ́dẹ̀ ló béèrè. Ó ní kí wọ́n kó 40 ránṣẹ́ sí òun, kí wọ́n jẹ́ àwọn tó sanra jù lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣa àwọn tí ẹran wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún jíjẹ. Kí wọ́n ṣe é kíákíá, tọ̀sán tòru. Ọba náà kò sì fi ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe pa mọ́: ó fẹ́ fi wọ́n dáná sábẹ́ ilé.

Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ó wà ní Rochester, ní àgbègbè Kent, létí odò Medway. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Chatham tàbí Gillingham, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i láti inú ọkọ̀ ojú irin láìmọ ohun tí ẹ ń wò. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àǹtí mi kan ti ń gbé nítòsí ibẹ̀, ó sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́jọọjọ́ ìsinmi tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wọ ibẹ̀ rí. Nígbà tí mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ilé tí kò ní òrùlé, kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Kò ní òrùlé, kò sì ní àjà kankan mọ́ nínú. Bí ẹ bá dúró sí ìsàlẹ̀ tí ẹ gbójú sókè, ojú ọ̀run lẹ máa rí, àti àwọn ẹyẹlé. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 113, ó sì nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 láwọn ibì kan. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury kan, William de Corbeil, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lẹ́yìn tí Ọba Henry Kìíní fún un ní àṣẹ ní 1127. Onígun mẹ́rin ni ilé gogoro náà, ilé ìṣọ́ kékeré kan sì wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta nínú wọn ní igun bíi páálí. Ìkẹrin, èyí tó wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn, rí roboto. Mo nàka sí i, mo ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ọ̀kan ò fi jọ àwọn yòókù?" Wọ́n dákẹ́. Látìgbà yẹn, àwọn ni wọn ò fẹ́ ká máa lọ sílé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọba yìí.

John jọba ní 1199 lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Richard. Ilẹ̀ tó jogún kò mọ sí England nìkan. Apá ńlá nínú ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1204, ó ti pàdánù Normandy sọ́wọ́ ọba Faransé. Ìyókù ayé rẹ̀ ló fi ń wá owó tí yóò fi gbà á padà. Ọ̀nà kan tó gbà rí owó yìí ni owó orí tí àwọn ọlọ́lá ń san dípò kí wọ́n lọ sójú ogun. Àwọn ọba tó wà ṣáájú rẹ̀ ń gbà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. John gbà á nígbà 11 láàárín ọdún 17, nígbà mìíràn tí kò tiẹ̀ sí ogun tó ní láárí. Ó tún ń bu owó ìtanràn lé àwọn ènìyàn lórí bó ṣe wù ú, ó ń gba ọmọ wọn mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró, bí inú bá sì bí i, kò mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ẹ gbọ́ ìtàn Matilda, ìyàwó William de Braose. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọba ni ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àárín wọn tó dàrú. Ọba ní kí wọ́n mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà sọ ni pé obìnrin yìí dá ìránṣẹ́ ọba lóhùn pé òun ò ní fa ọmọ òun lé ọwọ́ ẹni tó pa ọmọ ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀. Arthur ni ọmọ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń wí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lẹ́tọ̀ọ́ sí orí ìtẹ́ yẹn kan náà. Ó wà ní àhámọ́ John, wọn ò sì rí i mọ́ láti 1203. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni Matilda sọ síta. Ní 1210, ọba ti òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n, ebi ló sì pa àwọn méjèèjì kú síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ nípa John nìyẹn nínú ilé àwọn ọlọ́lá. Nígbà tí ogun tó náwó rẹpẹtẹ lé lórí tún fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1214, tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn alájọṣe rẹ̀ ní Bouvines, sùúrù àwọn ọlọ́lá tán. Bárónì ni wọ́n ń pe àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ yìí. Ní oṣù karùn-ún 1215, wọ́n gba ìlú London. Ní oṣù kẹfà, ọba bá wọn pàdé ní pápá kan tí wọ́n ń pè ní Runnymede, létí odò Thames, wọ́n sì fi èdìdì ọba lu ìwé àdéhùn tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Magna Carta.

Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé ibẹ̀ ni òfin ti ṣẹ́gun ọba. Ó tán. Àwòrán ọba tó ń bínú, ìwé tó gùn, ìbéèrè ìdánwò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé láàárín oṣù mẹ́ta, ìwé náà ti kú.

Ohun tó pa á wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn tí àwọn agbẹjọ́rò fẹ́ràn jù ni ìkọkàndínlógójì, tó ní a kò gbọdọ̀ mú òmìnira kankan tàbí kí a tì í mọ́lé àyàfi nípasẹ̀ ìdájọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí òfin ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkọkànlélọ́gọ́ta ni ẹ jẹ́ ká wò. Ó ní kí àwọn bárónì yan ènìyàn 25 láàárín ara wọn. Bí ọba bá rú àdéhùn, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún un tí kò gbọ́, àwọn 25 yìí lè gba ilé olódi rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi ṣàtúnṣe; kí wọ́n má ṣáà fọwọ́ kan òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù mọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọ fún ọba pé àwọn kọ̀ ọ́, ọba náà sì mọ ohun tó kù tí òun máa ṣe. England kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yìí ni pé kí ọba fọwọ́ sí i pé wọ́n lè gbógun ti òun. Ta ni ọba tó máa fara mọ́ ìyẹn ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ?

John kọ̀wé sí Póòpù Innocent Kẹta. Láti 1213 ló ti fi ìjọba rẹ̀ sábẹ́ Póòpù, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, Póòpù pa àdéhùn náà rẹ́, ó ní tipátipá ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ ọba. Ìbúra ò sí mọ́ nìyẹn. John ti wà ní etíkun Kent, ó ń dúró de àwọn ọmọ ogun àyágbà tó ránṣẹ́ pè láti òkè òkun.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Dover tí ẹ ń lọ sí London, ibì kan wà tí ẹ ní láti kọjá: afárá orí odò Medway ní Rochester. Ilé gogoro tí mo ń sọ yìí ló ń wo afárá náà láti òkè. Ẹni tó bá ní Rochester ló ní ọ̀nà. Ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury ni ilé náà wà, Reginald de Cornhill sì ni alábòójútó rẹ̀. Nígbà tí àwọn bárónì dé, ó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀ ni William d'Aubigny, olúwa Belvoir. Ọ̀kan nínú àwọn 25 yẹn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Ó pẹ́ kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ẹni tó bá mọ ogun jà ni. Nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú ilé, wọ́n rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí oúnjẹ, kò sí ohun ìjà, àfi ohun tí àwọn fúnra wọn gbé wá. Àwọn kan ní kí àwọn padà. William ló bá wọn sọ̀rọ̀ pé ìtìjú ni, wọ́n sì sáré kó ohun tí wọ́n lè rí nínú ìlú. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n ní. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà kò fẹnu kò lórí iye àwọn jagunjagun orí ẹṣin tó wà níbẹ̀: láti 95 dé 140 ni wọ́n sọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn tó ń ta àkàtàǹpó.

Àwọn ènìyàn ọba gba ojú odò wá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi láti wá ba afárá jẹ́. Robert Fitzwalter, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, lé wọn sẹ́yìn nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n tún wá. Afárá bàjẹ́, Fitzwalter padà sí London, àwọn tó wà nínú ilé sì di ẹni tí wọ́n há mọ́. Ọba fúnra rẹ̀ dé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá.

Lọ́jọ́ kejì ló ti kọ̀wé sí Canterbury pé kí wọ́n máa rọ dígà tọ̀sán tòru, kí wọ́n sì máa kó o ránṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń rọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé John, pẹ̀lú gbogbo ìwà rẹ̀, kì í ṣe òmùgọ̀ ọba. Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ̀ pé òkúta jíjù nìkan kò ní tó. Ó ní ẹ̀rọ ajùkò márùn-ún tó ń sọ òkúta lu ògiri láìsinmi, àwọn tafàtafà rẹ̀ sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn kí àwọn tó wà nínú ilé má bàa rí oorun sùn. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ so ẹṣin mọ́ inú Kàtídírà Rochester tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olódi náà gan-an. Láti ẹnu ọ̀nà ilé sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ẹsẹ̀ rìn ín, n kò tíì fọn fèrè tán tí mo fi dé ibẹ̀. Ẹ wo bí àwọn àlùfáà ibẹ̀ ṣe máa gbọ́ ariwo yẹn tó.

Àwọn bárónì tó wà ní London ti búra fún William pé bí ọba bá sàga tì í, àwọn yóò wá gbà á sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, bí 700 ẹlẹ́ṣin jáde kúrò ní London. Wọn ò dé ibẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé ọba ń bọ̀ wá pàdé àwọn, wọ́n sì yí padà. Roger ará Wendover, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tó kọ ìtàn ìgbà náà, ní ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ebi ń pa àwọn ará wọn ni pé wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń mutí. Roger mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó sì kórìíra àwọn púpọ̀, ẹ má fi gbogbo ẹnu rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé ìrànlọ́wọ́ dé. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ni mo ti ìwé dé fún ìgbà díẹ̀. Ìwé àdéhùn tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọba kú nítorí pé ọba rú ìbúra. Ìbúra ti àwọn náà ńkọ́?

Roger kan náà ló sọ ìtàn mìíràn tó wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ kan, John ń rìn yí ilé náà ká láti wo ibi tó lè wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta àkàtàǹpó rí i láti òkè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọwọ́ òun tó o. Ó bi William bóyá kí òun ta á. William ní rárá, pé ẹni tí Ọlọ́run fi òróró yàn ni, kí ó fi í sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní òun ò rò pé ọba máa dá àwọn sí bó bá jẹ́ pé àwọn ló wà ní ipò rẹ̀. Síbẹ̀, kò ta á.

Ó dáa. Iṣẹ́ dígà wá kù.

Wọ́n kọ́kọ́ wó lára ògiri ìta, àwọn tó wà nínú sì sá wọ inú ilé gogoro fúnra rẹ̀. Ògiri ẹsẹ̀ bàtà 12 ni ọba kàn báyìí. Òkúta ń lù ú, ó ń ta padà. Nígbà náà ni àwọn agbẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò lọ sábẹ́ igun gúúsù-ìlà-oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí èmi náà ti rò ó lódì tẹ́lẹ̀. Mo rò pé wọ́n kàn ń gbẹ́lẹ̀ títí ilé á fi ṣubú. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí yín ló máa wó lé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ti ń yọ ilẹ̀ àti òkúta ìpìlẹ̀ kúrò, wọ́n ń ri òpó igi mọ́ ibẹ̀ láti gbé ògiri ró. Ilé náà á kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò wá jókòó sórí igi. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dé ibi tó tó, wọ́n á kó igi wẹ́wẹ́ àti ohunkóhun tó lè jó kún inú ihò náà, wọ́n á sọ iná sí i, wọ́n á sì sá jáde. Bí òpó bá jó tán, ògiri ò ní ohun tó ń dúró lé mọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ igun? Nítorí pé igun ló so ògiri méjì pọ̀. Bí igun bá lọ, méjèèjì ló lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ṣòro fún ẹni tó wà lókè láti rí ẹni tó fara mọ́ ẹsẹ̀ igun dáadáa kó tó lè ta á lọ́fà. Ilé onígun mẹ́rin lẹ́wà, ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ nìyẹn.

Kí sì ló dé tó jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀? Oṣù kọkànlá ni, ilẹ̀ England tutù rinrin, afẹ́fẹ́ inú ihò kéré, òpó tó lè gbé ilé gogoro ró kì í sì í ṣe igi ìdáná lásán. Iná lè gbà á lójú kó sì kú. Ọ̀rá ló máa ń mú iná gbóná kó sì pẹ́. Ẹni tó bá ti yan ẹran ọlọ́ràá rí, tí ọ̀rá rẹ̀ kán sórí ẹyin iná, tí ahọ́n iná sì là á lọ́wọ́, ó mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn kan máa ń sọ pé ààyè ni wọ́n lé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà wọ inú ihò. Èmi ò gbà. Ẹlẹ́dẹ̀ tó rí iná ò ní dúró, kí wá ni ọba máa fẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sá kiri ìlú fún? Ọ̀rá ni wọ́n nílò.

Lórí ilẹ̀, ebi ti ń jà. Àwọn tó wà nínú ilé gogoro ti ń pa ẹṣin wọn jẹ. Fún jagunjagun orí ẹṣin ìgbà yẹn, ẹ fojú inú wo ohun tí ìyẹn jẹ́: ẹṣin ogun kan lówó lórí ju ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, òun ló sì sọ ọ́ di ẹni tó jẹ́. Omi ni wọn ò ṣaláìní. Kànga kan wà nínú ògiri tó dá ilé náà sí méjì, ihò rẹ̀ sì gòkè dé gbogbo àjà, tí wọ́n fi lè fa omi láìjáde síta. Mo fi fóònù tan iná sínú rẹ̀. Àǹtí mi di aṣọ mi mú lẹ́yìn bí ẹni pé mo fẹ́ bẹ́ sí i. Ẹran ẹṣin àti omi, ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n lé àwọn tí kò lè jà mọ́ jáde kí oúnjẹ lè tó àwọn yòókù. Òǹkọ̀wé ìgbà náà kan ní wọ́n sọ pé ọba gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn.

Wọ́n tan iná náà. Ògiri sán, igun náà sì wó lulẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti jọ̀wọ́ ara wọn nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí sá lọ sẹ́yìn ògiri tó dá ilé sí méjì, èyí tí kànga wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń bá ìjà lọ láti ìdajì ilé. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ògiri kan náà ló wà láàárín wọn, yàrá kan sí èkejì, àwọn ọmọ ogun ọba ní ìhín, àwọn tí ebi ń pa ní ọ̀hún. Òǹkọ̀wé kan tó gbé láyé nígbà yẹn ní àwọn ò tíì rí ìsàgatì tí wọ́n fi agídí ṣe, tí wọ́n sì fi agídí kojú bẹ́ẹ̀.

Ebi ló borí wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n jáde.

John ní kí wọ́n so gbogbo wọn kọ́. Ó ti ri igi ìkọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tó dá a dúró ni Savaric de Mauléon, ọ̀kan nínú àwọn balógun rẹ̀ tó wá láti Faransé. Kò sọ̀rọ̀ àánú. Ó ní, ogun yìí ò tíì parí. Bí a bá so àwọn yìí kọ́ lónìí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú èmi tàbí ẹlòmíràn nínú wa, àwa náà ni wọn yóò so kọ́, kò sì sẹ́ni tó máa fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí John lè gbọ́ nìyẹn. Wọ́n kó àwọn bárónì àti ẹlẹ́ṣin lọ sẹ́wọ̀n ní àwọn ilé olódi ọba. Ọ̀dọ̀ Corfe ni wọ́n gbé William lọ.

Àmọ́ ìwé kan sọ pé wọ́n so ẹnì kan kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta àkàtàǹpó ni. Ọwọ́ ọba ló ti dàgbà láti kékeré, ọba ló tọ́ ọ. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sì sí ohun tó fi hàn pé òun ni ọkùnrin tó ní ọba lójú àkàtàǹpó tí kò ta á. Ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìtàn méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n mi ò lè ka ọ̀kan kí n má rántí èkejì. Gbogbo àwọn tó lórúkọ, tó nílẹ̀, tó lè san owó ìràpadà, wọ́n yè é. Ẹni tí ọba tọ́ dàgbà, tí kò ní ẹbí alágbára lẹ́yìn, òun ni ìbínú ọba já lé lórí.

Wọ́n ṣe fíìmù nípa ìsàgatì yìí ní 2011, Ironclad lorúkọ rẹ̀. Mo wò ó nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo sì gbádùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Nínú rẹ̀, wọ́n gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ William d'Aubigny, ó sì kú, àwọn Faransé sì dé láti gba àwọn tó kù sílẹ̀. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n sílẹ̀, William kò sì kú. Wọ́n san owó ìràpadà rẹ̀, ó jáde. Ní oṣù karùn-ún 1217, ó wà lójú ogun ní Lincoln, ẹ̀gbẹ́ ọba ló sì wà! 1236 ló tó kú. Bí èmi bá ni mo ni fíìmù yẹn, ibẹ̀ ni mi ò bá tẹ̀ mọ́: kí ló mú ọkùnrin tó jẹ ẹran ẹṣin nítorí àtibá ọba jà padà wá jà fún ìdílé ọba?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ni pé John kú. Lẹ́yìn Rochester, àwọn bárónì ránṣẹ́ sí Louis, ọmọ ọba Faransé, pé kó wá jọba lórí àwọn. Ó dé ní oṣù karùn-ún 1216, Rochester sì bọ́ sí i lọ́wọ́ láìpẹ́. Ibi tó náni ní ọ̀sẹ̀ méje ti ní ihò ńlá lára. Dover ni kò rí gbà, Hubert de Burgh tí wọ́n kọ̀wé ẹlẹ́dẹ̀ sí ló sì wà níbẹ̀ tó ń dá a dúró. Ní oṣù kẹwàá, ìgbẹ́ ọ̀rìn pa John ní Newark. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀, Henry Kẹta. William Marshal, àgbà jagunjagun tó ń ṣe adelé fún ọmọ náà, gbé ohun kan jáde ní oṣù kọkànlá 1216 tí kò sẹ́ni tó retí: ó tún Magna Carta tẹ̀ jáde lórúkọ ọba kékeré, ó yọ gbólóhùn àwọn 25 yẹn kúrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ bárónì ń bá John jà fún ti dé ọwọ́ wọn láìsí John nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi Louis ṣe? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń padà. Nígbà tí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi dé Èkó ní 1863, gbólóhùn nípa ìdájọ́ àti òfin ilẹ̀ yẹn ti di ohun tí wọ́n ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà bá ara wọn fà á.

Henry Kẹta dàgbà, ó sì ní kí wọ́n tún igun tí bàbá òun wó kọ́. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà, àwọn akọ́lé ti kọ́gbọ́n. Ohun tó rí roboto kò ní igun tí ènìyàn lè gbẹ́ nídìí, òkúta tí wọ́n bá sọ lù ú sì máa ń yẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, wọn ò kọ́ igun síbẹ̀ mọ́. Roboto ni wọ́n kọ́ ọ, mẹ́ta tó kù sì wà bí wọ́n ṣe wà láti ayé William de Corbeil.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún àǹtí mi bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tóóró yẹn, tí wọ́n fọwọ́ kan di ògiri mú. Nígbà tí a jáde, wọ́n yí ẹsẹ̀ igun náà ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo ibi tí òkúta tuntun ti pàdé òkúta àtijọ́, wọ́n sì ní kí n ya àwọn ní fọ́tò níbẹ̀. Wọ́n ti fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì kí ọkọ̀ wa tó dé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ẹlẹ́dẹ̀ ló wó ibí yìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ìtàn rẹ̀ pe àwọn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Dover ni mò ń lọ, a ó sì gbọ́ bí Hubert de Burgh ṣe ṣe é tí Louis kò fi rí ibẹ̀ gbà. Mo ti ra ìdérí máíkì tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ó dìgbà kan ná.